Lanchester, Ẹnití Ó Mú Kí Ọkọ̀ Yẹ fún Orúkọ Ayọ́kẹ́lẹ́

Àwọn àgbà tí ó kọ́kọ́ pe ọkọ̀ elépo ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún un ní orúkọ tí ó dára ju ìwà rẹ̀ ìgbà náà lọ. Ohun tí ń yọ́ kẹ́lẹ́ kì í pariwo, kì í sì í gbọn ẹni tí ó gbé. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ṣe kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti jí, gbogbo ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdè irin rẹ̀ a máa tú, ọwọ́ awakọ̀ a sì ti kú tipiri kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Bí ọkọ̀ bá ń yọ́ kẹ́lẹ́ lónìí, iṣẹ́ ọpọlọ àwọn ènìyàn kan ni. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Frederick William Lanchester, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnití ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1946. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ònkàwé wa lónìí, nítorí a gbàgbọ́ pé ó ní ẹ̀kọ́ kan fún Ilé-Ifẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìlàrè, tí ó sì forí lé ọ̀nà Ìbàdàn, yóò mọ ohun tí a ń sọ. Ọkọ̀ lè máa lọ jẹ́jẹ́ nínú ìlú. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti pọ̀ díẹ̀, sítíárín a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹnití ibà ń ṣe. Àwọn èrò a ní ọ̀nà ni kò dára. Awakọ̀ a di sítíárín mú gírígírí, a sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí kò fara balẹ̀, òun náà a fún nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta le, a gba owó rẹ̀, ọkọ̀ a sì tún padà sí ojú títì. Ní ọjọ́ tí irin tí ó ti ń gbọ̀n láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn bá kán lórí eré, a ó wá máa wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo gbígbọ̀n ni ó ní ìdí, ẹnití kò bá sì tíì rí ìdí rẹ̀ kò tíì tún nǹkankan ṣe. Lórí òtítọ́ yìí ni Lanchester fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1868 ní Lewisham, ní ẹ̀bá ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ayàwòrán ilé ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́ èdè Látìn àti ìṣirò. Nígbàtí ó dàgbà tó, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Hartley ní Southampton, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gba ẹ̀bùn owó láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ní South Kensington, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé ìwé tí òun ń kà lọ́sàn-án kò kọ́ òun bí a ti ń fi ọwọ́ gbé irin. Nítorínáà ni ó ṣe ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Finsbury ní alaalẹ́, tí ó ń kọ́ bí a ti ń gé irin, bí a ti ń lọ̀ ọ́, àti bí a ti ń wọ̀n ọ́n. Ó kúrò ní South Kensington láì gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kó jáde kúrò níbẹ̀ kò kéré. Ọwọ́ rẹ̀ mọ irin, orí rẹ̀ sì mọ ìṣirò. Kí ẹ̀yin ònkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà dé orí rẹ̀.

Ní 1889, ó wọ ilé iṣẹ́ kan ní Birmingham tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Nígbàtí wọ́n gbé ìwé àdéhùn wá kí ó fọwọ́ sí i, ó rí i nínú rẹ̀ pé ohun titun yòówù tí òun bá fi ọgbọ́n orí òun ṣe, ti ilé iṣẹ́ ni yóò jẹ́. Ọmọ ọdún ogún ni, owó tí wọ́n sì fẹ́ máa san fún un kò pọ̀. Ẹlòmíràn ìbá fọwọ́ sí i kíákíá kí iṣẹ́ má ba bọ́. Lanchester fa ìlà sí ọ̀rọ̀ náà, ó pa á rẹ́, lẹ́hìn èyí ni ó tó fọwọ́ sí ìyókù. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi fi í ṣe olórí iṣẹ́, ó sì ṣe àwọn ohun titun tí ó mú ẹ́ńjìnnì wọn dára sí i, tirẹ̀ sì ni wọ́n jẹ́.

Ní 1895 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ George sì ràn án lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1896, ọkọ̀ náà jáde sí ojú ọ̀nà. Àwọn ẹlòmíràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà a máa mú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọn a gbé ẹ́ńjìnnì lé e, wọn a sì pè é ní mọ́tò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn a wo ti àwọn ará Jámánì àti Faransé, wọn a sì ṣe irú rẹ̀. Lanchester kò wo ti ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó yẹ kí ọkọ̀ jẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ni ti gbígbọ̀n.

Kí ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì gbọ̀n? Nínú rẹ̀ ni písítìn wà, irin tí epo tí ó gbiná ń tì sókè sódò nínú ihò rẹ̀. Ní ìgbàkígbà tí písítìn bá sáré lọ sí ìhà kan, ó ń ti ara ọkọ̀ sí ìhà kejì, gẹ́gẹ́bí ẹnití ó fò láti inú ọkọ̀ ojú omi sí èbúté ti ń ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Ó sì ń ṣe èyí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹlòmíràn ìbá mú irin ara ọkọ̀ nípọn sí i kí ó lè fara da ìyà náà. Lanchester wo ohun tí ń fa ìyà gan-an. Ó ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó ní kíráńkì méjì, èyíinì ni ọ̀pá tí ń yí agbára písítìn padà sí yíyípo. Ọ̀kan ń yí sí ọ̀tún, èkejì ń yí sí òsì, àwọn méjèèjì sì so mọ́ písítìn kan náà. Ohun tí èyí ń dà rú ni èyíinì ń tò. Ẹnití ó bá gbé korobá omi kan lọ́wọ́ ọ̀tún yóò tẹ̀ sí apá kan. Bí ó bá gbé òmíràn tí ó bá a dọ́gba lọ́wọ́ òsì, ẹrù rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò nàró. Ọgbọ́n yìí náà ni. Ní 1897, ó fi ẹ́ńjìnnì onípísítìn méjì rọ́pò ti àkọ́kọ́, àwọn písítìn náà sì dojú kọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n tún dín kù sí i.

Ní ìparí 1899, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Lanchester sílẹ̀ ní Birmingham. Níbẹ̀ ni ó ti fi òfin kan lélẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà: pé gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n kan náà ṣe, kí èyí tí a bá yọ lára ọkọ̀ kan lè wọ ara òmíràn láì jẹ́ pé a tún ń fi áyọ̀n ìrin lọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra ẹ̀yà ọkọ̀ rí ní ọjà wa, tí ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni a ti bí i, yóò mọ iyì òfin yìí. Ní 1902, ó gba ìwé àṣẹ lórí bírékì oníàwo, èyítí ayé kò lò káàkiri títí di àádọ́ta ọdún lẹ́hìn náà. Ọkọ̀ rẹ̀ dára, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò tó, àwọn tí ó ni owó náà kò sì yé ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1904, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè. Wọ́n tún un tò ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n agbára Lanchester lórí ohun tí ó dá sílẹ̀ ti dín kù. Nígbà tí ó ṣe, ó gba iṣẹ́ olùdámọ̀ràn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Daimler.

Ní àkókò yìí, ní ọdún tí ó yí 1910 ká, ìṣòro titun kan dé bá àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́fà kí ọkọ̀ lè lágbára, kíráńkì rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Ní ẹ̀yìn kíráńkì ni àgbá irin wúwo kan wà tí ń di ibẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ dá wà. Bí písítìn kọ̀ọ̀kan ti ń gbá a, iwájú ọ̀pá náà a lọ́ díẹ̀, a sì padà, gẹ́gẹ́bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tí a fọ̀, tí a sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí eré bá wá dé ìwọ̀n kan, lílọ́ yìí a bá gbígbá písítìn mu, iwájú ẹ́ńjìnnì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kíkankíkan. Nígbà mìíràn kíráńkì a kán sí méjì. Henry Royce, ẹnití ó wà ní ìdí ọkọ̀ Rolls-Royce, ń bá ìṣòro kan náà jà ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí gbígbọ̀n náà ti pọ̀ jù, èyíinì ni orí iwájú kíráńkì, ni Lanchester fi oògùn rẹ̀ sí. Ó to àwọn àwo irin pẹlẹbẹ kan síbẹ̀, ó sì kó wọn sínú òróró tí ó ki. Bí ọ̀pá bá ń yí déédé, àwọn àwo náà a bá a yí, wọn kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ lọ́ lójijì, òróró kíki náà a fà á sẹ́yìn, gẹ́gẹ́bí orógùn ti ń wúwo lọ́wọ́ ẹnití ń ro àmàlà bí ó bá fẹ́ yára. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ìbá fi gbọn ọkọ̀ ṣe ń kú sínú òróró. Irú ohun èlò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà ni a sábà ń lò nínú rẹ̀ báyìí, ṣì wà ní iwájú kíráńkì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń gba Ìlàrè kọjá lónìí.

Kò dúró níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́rin ní gbígbọ̀n tirẹ̀, èyítí ń wáyé ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Lanchester fi ìṣirò rí ìdí rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá kékeré méjì tí ó ní òṣùwọ̀n ìwúwo lára sí abẹ́ kíráńkì. Wọ́n ń yí ní ìlọ́po méjì eré kíráńkì, ọ̀kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Ọgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó padà wá lò ní ọ̀nà mìíràn. Ilé iṣẹ́ Vauxhall lò ó nínú ọkọ̀ wọn kan ní 1922, lẹ́hìn èyí ni àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ní 1975 ni àwọn ará Japan ní ilé iṣẹ́ Mitsubishi tún gbé irú rẹ̀ jáde, láti ìgbà náà ni ó sì ti tàn kálẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota Camry tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn, ni ó ní ọ̀pá méjì wọ̀nyí nínú.

Ní ti ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, ibẹ̀ náà kò fara sin fún un. Láyé àtijọ́, ọ̀pá irin kan ṣoṣo ni ó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá gun òkúta, ọ̀pá náà a dagun, èkejì a sì dagun pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó ti ta òkòtó rí mọ̀ pé ohun tí ń yí kì í gbà kí a tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ibòmíràn ni yóò gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni táyà tí ń sáré. Bí a bá dagun rẹ̀, a yà sí ẹ̀gbẹ́; bí ó bá yà, a tún dagun; èyí a máa bí èyíinì, títí iwájú ọkọ̀ yóò fi máa mì lọ́tùn-ún lósì. Nígbàtí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo táyà rírọ̀, tí wọ́n sì fi bírékì sí ẹsẹ̀ iwájú láàárín ọdún 1920 sí 1930, àìsàn yìí burú sí i. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a ya ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nípá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sìpíríìngì tirẹ̀, kí ọ̀kan lè gun òkúta láì da èkejì láàmú. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ni ó kópa nínú iṣẹ́ náà. Lanchester, ẹnití ó ti ń lo sìpíríìngì gígùn rírọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí mímì ọkọ̀ lè bá ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn mu, tẹ ìwé ìjìnlẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1936, nígbàtí ó ti di ẹni ọdún 67.

A kò lè ka gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó kọ ìwé ńlá méjì lórí bí ohun ti ń fò lójú ọ̀run, ní 1907 àti 1908, nígbàtí ọkọ̀ òfuurufú ṣì jẹ́ ọmọ àná. Ní 1922, wọ́n gbà á sínú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lókìkí jùlọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1945, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí a fi orúkọ James Watt pè. Ṣùgbọ́n iyì kì í ra oúnjẹ. Àìsàn gbígbọ̀n ara tí a ń pè ní Parkinson mú un. Ọwọ́ tí ó ti mú kí irin dẹ́kun gbígbọ̀n wá di èyítí kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ ṣú. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ àwọn tí ń ṣòwò ọkọ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹnití ayé ń gun ọgbọ́n rẹ̀ rìn kú ní òtòṣì nínú ilé rẹ̀ ní Birmingham. Ohun ìtìjú ni fún àwọn tí ó jèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni èyí jẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀? Nígbàtí wọ́n ń la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, Lanchester wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Birmingham. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ ṣe, W. A. Dawodu ní ìlú Èkó wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Láti ìgbà náà, a kò ṣe aláìní ọwọ́ tí ó mọ irin. Ilé-Ifẹ̀ gan-an kò kọ́ irin lọ́wọ́ òyìnbó. Irin Ògún Ládìn ṣì wà ní ààfin Ọọ̀ni, àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 sì jẹ́rìí pé ẹnití ó dà wọ́n mọ òṣùwọ̀n, ó mọ iná, ó sì mọ ìṣirò. Ọwọ́ àti orí kò yà fún ara wọn nígbà náà.

Lónìí wọ́n ti yà. Ní apá kan ìlú wa ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, níbití ọ̀dọ́ ti ń kọ́ nípa gbígbọ̀n ẹ̀rọ lórí ìwé fún ọdún márùn-ún, tí ó sì lè jáde láì tíì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan rí. Ní apá kejì ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì wà, ẹnití ó lè gbé etí lé ẹ́ńjìnnì kí ó sì mọ ibi tí ó ti ń dùn ún, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹnití ó kọ́ ọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n tàbí bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbàtí ọ̀gá rẹ̀ bá kú, ọgbọ́n náà a bá a lọ. Ọ̀nà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò jìn. Ẹsẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Àwa wòye pé ohun tí ó sọ Lanchester di ẹni ńlá kò ju pé ó rin ọ̀nà náà lọ ní alaalẹ́, láti South Kensington sí Finsbury. Bí yunifásítì wa bá lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀, tí ó sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ jókòó ti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì fún oṣù díẹ̀, kò ní gba owó rẹpẹtẹ. Kí àwa tí a ni ọkọ̀ náà sì yí ìwà wa padà. Mẹkáníìkì tí ó ní kí a fún òun ní ọjọ́ kan láti wá ìdí ohun tí ń gbọn sítíárín, a máa ń kanra mọ́ ọn, a ó sì gbé owó wa lọ fún ẹnití ó fún nọ́ọ̀tì le ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí a bá ń san owó fún ìbòmọ́lẹ̀ tí a kò sì san fún ìwádìí, ìbòmọ́lẹ̀ ni a ó máa rí rà, ojú títì ni yóò sì máa gba ìyókù owó náà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.